Orúkọ Àwọn Ọmọ Pólándì ní Ilẹ̀ Àjèjì



Àwọn baba wa a máa wí pé ilé li à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí yóò ti rí nígbà tí ọmọ bá jáde kúrò nínú ilé tí a wò, tí ó rékọjá sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì di ẹni ńlá láàrin àwọn tí kò mọ ilé náà rí. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Orílẹ̀-èdè kan wà ní Yúróòpù tí irú ọ̀ràn yìí ti dé bá gidigidi, èyíinì ni Pólándì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ Faransé ni ọ̀kan, ọmọ Jámánì ni èkejì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹ̀kẹta. A ó wádìí ohun tí ó fa èyí, a ó sì wò ó bóyá gbogbo ìyípadà orúkọ li ó jẹ́ àdánù, tàbí bí àwọn kan bá wà nínú wọn tí kò ní ẹ̀bi.

Ẹni tí ó bá ń ka Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe titun. Nígbà tí a kó Daniẹli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí Bábílónì, olórí àwọn ìwẹ̀fà fi orúkọ mìíràn fún wọn. Lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lè dárúkọ Ṣadraki, Meṣaki àti Abednego láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bi í léèrè orúkọ tí a sọ wọ́n ní ilé baba wọn, díẹ̀ li àwọn tí yóò dáhùn pé Hananiah, Miṣaeli àti Asariah ni. Orúkọ ìgbèkùn ti borí orúkọ ilé. Ní ti àwọn ọmọ Pólándì, ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà ṣẹlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ekíní ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1473 li a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Toruń, ìlú tí ó ti wà lábẹ́ ọba Pólándì láti ọdún 1466. Mikołaj Kopernik li àwọn ará Pólándì ń pè é. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìlú Kraków, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì. Lẹ́yìn náà ó di kánọ́nì ní kàtídírà Frombork, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1543. Ní ọdún ikú rẹ̀ yìí kan náà li a tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ìlú Nuremberg, ìwé tí ó kọ́ni pé ayé li ó ń yí oòrùn ká, kì í ṣe oòrùn li ó ń yí ayé ká. Èdè Látìnì li ó fi kọ ọ́, nítorí èdè yìí li àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo Yúróòpù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó sì jẹ́ àṣà wọn pé kí ẹni tí ó bá ń kọ̀wé ní Látìnì fi aṣọ Látìnì wọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni Kopernik di Copernicus. Kì í ṣe òun nìkan li ó ṣe irú èyí: Philip Melanchthon, ọ̀rẹ́ Martin Luther, ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Schwartzerdt, yí tirẹ̀ sí èdè Gíríìkì.

Nítorí náà a kò lè wí pé ẹnikẹ́ni jí orúkọ Kopernik. Ṣùgbọ́n orúkọ Látìnì dàbí ẹni tí kò ní ilé; kò sọ ibi tí olúwa rẹ̀ ti wá. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Jámánì ti ń wí pé tiwọn ni, tí àwọn ará Pólándì sì ń wí pé tiwọn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ sọ apá kan kí ó fi apá kejì sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó ń kọ lẹ́tà ní èdè Jámánì, òtítọ́ sì ni pé ọmọ abẹ́ ọba Pólándì tòótọ́ ni. Nígbà tí àwọn Ológun Teutonic gbógun wá ní ọdún 1520, òun li ó ṣètò bí a ó ti dáàbò bo odi Olsztyn fún ọba náà. Ní ayé ìgbà tirẹ̀, a kì í ya ènìyàn sọ́tọ̀ nípa orílẹ̀-èdè bí a ti ń ṣe lóde òní. Ìjà náà jẹ́ ti àwa tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Ekejì, tí ó sì wúwo jùlọ, ni ìparun ìjọba. Àwọn ìjọba mẹ́ta tí ó yí Pólándì ká, Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà, gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà láàrin ara wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ní ọdún 1772, ní ọdún 1793, nínú èyí tí Ọ́stríà kò sí, àti ní ọdún 1795. Lẹ́yìn ìpín kẹta, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó dá dúró tí ń jẹ́ Pólándì lórí àwòrán ayé mọ́ títí di ọdún 1918. Ọdún 123 nìyẹn. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí a bí láàrin àkókò náà, bí ó bá rin ìrìn-àjò, ìwé ìjọba tí ó ṣẹ́gun baba rẹ̀ li ó ń mú lọ́wọ́. Bí a bá bi í léèrè ibi tí ó ti wá, tí ó sì dáhùn pé Pólándì ni, ẹni tí ó bi í lè wo àwòrán ayé kí ó má rí ibẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe ohun ńlá ní ilẹ̀ àjèjì, ta ni yóò dìde láti wí pé, Ọmọ wa ni? Ilé tí ìbá jẹ́rìí sí i ti wó.

Ní irú àkókò yìí li a bí Fryderyk Chopin, ní ọdún 1810, ní ìletò Żelazowa Wola, tí kò jìnnà sí ìlú Warsaw. Ọmọ Faransé ni baba rẹ̀, ẹni tí ó wá sí Pólándì ní ọ̀dọ́ tí kò sì padà mọ́. Ọmọ Pólándì sì ni ìyá rẹ̀, Justyna Krzyżanowska. Ní oṣù November ọdún 1830, nígbà tí Chopin jẹ́ ẹni ogún ọdún, ó kúrò ní Warsaw láti lọ fi dùùrù ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ará Pólándì dìde sí ọba Rọ́ṣíà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e a ṣẹ́gun wọn, Chopin kò sì tún fi ojú kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ó tẹ̀dó sí Paris. Àwọn ará ibẹ̀ sọ Fryderyk di Frédéric, àti nítorí pé orúkọ baba rẹ̀ ti jẹ́ orúkọ Faransé tẹ́lẹ̀, ó rọrùn fún ayé láti gbàgbé ìyókù. Ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò gbàgbé. Polonaise àti mazurka, tí í ṣe ijó ilẹ̀ Pólándì, li ó ń kọ fún dùùrù títí di òpin ayé rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní October 17, ọdún 1849, a sin òkú rẹ̀ sí Paris. Ṣùgbọ́n arábìnrin rẹ̀ Ludwika gbé ọkàn rẹ̀ padà sí Warsaw, ó sì wà nínú òpó kan ní Ìjọ Àgbélébùú Mímọ́ níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin náà ka ara rẹ̀ sí, èsì rẹ̀ wà nínú òpó náà.

Ẹkẹta ni ìgbéyàwó. Gbogbo ayé ni ó mọ Madame Curie, ẹni tí ó wádìí radium. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé Maria Skłodowska ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́ ní ilé baba rẹ̀, àti pé ní Warsaw li a bí i ní ọdún 1867, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Èdè Rọ́ṣíà ni ìjọba fi dandan lé ní ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Warsaw kò sì gba obìnrin. Nítorí náà òun àti arábìnrin rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń ṣí láti ilé kan sí èkejì kí àwọn ọlọ́pàá má baà mú wọn. Ní ọdún 1891 li ó lọ sí Paris. Ní ọdún 1895 ó fẹ́ Pierre Curie. Àṣà ibẹ̀ ni pé orúkọ ọkọ ni ìyàwó ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Maria sì di Marie, Skłodowska sì di Curie.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ orúkọ baba rẹ̀ nù. Ó ń so méjèèjì pọ̀ nígbà tí ó bá ń kọ orúkọ rẹ̀. Ó sì ṣe ohun kan tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù July ọdún 1898, òun àti ọkọ rẹ̀ rí èròjà titun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí. Wọ́n sọ ọ́ ní polonium, láti inú Polonia, tí í ṣe orúkọ Pólándì ní Látìnì. Ní ọjọ́ náà kò sí ìjọba kan lábẹ́ ọ̀run tí ń jẹ́ Pólándì. Orúkọ tí àwọn ọba mẹ́ta ti pa rẹ́ kúrò lórí àwòrán ayé, obìnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ níbi tí ọba kankan kò lè dé. Ní oṣù December ọdún kan náà ni wọ́n rí radium. A fi ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1903, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Henri Becquerel, a sì tún fi òmíràn fún òun nìkan ní ọdún 1911. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ọkùnrin àti obìnrin tí ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ní èdè Pólándì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé li a bí wọn sí.

Ẹkẹrin ni ìfẹ́-inú ẹni tí ó ni orúkọ. Àwọn tí ń ka ìwé ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ Joseph Conrad. Józef Teodor Konrad Korzeniowski ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, a sì bí i ní ọdún 1857 ní Berdyczów, ní ilẹ̀ Ukraine, lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Akéwì ni baba rẹ̀. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún òmìnira Pólándì, ìjọba lé e lọ sí ìgbèkùn ní ọdún 1862, òun pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ kékeré. Kí ọmọ náà tó pé ọdún méjìlá, ó ti di aláìní baba àti ìyá. Ó di atukọ̀, ó bá ọkọ̀ Faransé àti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn kiri òkun, ó sì di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1886. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1895, ó mú méjì nínú orúkọ àbísọ rẹ̀, ó kọ wọ́n bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ wọ́n, ó sì fi Korzeniowski, tí ahọ́n wọn kò lè pè, sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn kan ní ilé bá a wí. Eliza Orzeszkowa, òǹkọ̀wé obìnrin olókìkí, kọ̀wé ní ọdún 1899 láti dá a lẹ́bi pé ó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ fún àwọn àjèjì. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a dá a lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé orúkọ rẹ̀ kúrú kí aládùúgbò rẹ̀ lè pè é, kò sẹ́ baba rẹ̀. Conrad kú ní ọdún 1924, a sì sin ín sí Canterbury, ìlú tí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wa wà. Lórí òkúta ibojì rẹ̀ Korzeniowski tún yọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ṣi Teodor kọ, ó kọ ọ́ ní Teador. Ó wà bẹ́ẹ̀ lára òkúta.

Àṣìkọ yìí li ó mú wa dé ẹkarùn-ún, èyí tí í ṣe ahọ́n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn àjèjì. Àwọn ará Pólándì ní àmì lórí lẹ́tà wọn àti lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní. Lẹ́tà ł tiwọn ń dún bí w wa. Sz tiwọn kò jìnnà sí ṣ wa. Ą àti ę ń gba imú jáde, bí ọn àti ẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oko àti ọkọ mọ ohun tí ń sọnù nígbà tí atẹ̀wé kò bá ní àmì náà, tàbí tí kò kà á sí. Ìparí orúkọ wọn pẹ̀lú ní ìtumọ̀: baba ń jẹ́ Skłodowski, ọmọbìnrin rẹ̀ ń jẹ́ Skłodowska, àjèjì tí kò mọ èyí a máa rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àṣìṣe.

Kò sí ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí tó Tadeusz Kościuszko. A bí i ní ọdún 1746. Ní ọdún 1776 ó rékọjá sí Amẹ́ríkà láti ran àwọn tí ń jà fún òmìnira lọ́wọ́. Òun li ó ṣètò odi ogun West Point. Ó padà sí ilé, ó sì jẹ́ olórí àwọn tí ó dìde ní ọdún 1794 láti gba Pólándì là. Ní ọdún 1840 ọmọ Pólándì mìíràn, Paweł Edmund Strzelecki, gun òkè gíga kan ní Australia, ó sì fi orúkọ akọni yìí pè é. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,228, kò sì sí òkè tí ó ga jù ú lọ lórí ilẹ̀ ńlá Australia. Ṣùgbọ́n z inú orúkọ náà ti bọ́ sọnù, Kosciusko ni wọ́n sì ń kọ títí di ọdún 1997, kí ìjọba ibẹ̀ tó dá lẹ́tà náà padà. Ìlú kan wà ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Títí di òní kò sí z nínú tirẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn lẹ́tà kan ṣoṣo nìyí. Nígbà tí Kościuszko fẹ́ kúrò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1798, ó kọ ìwé ìhágún kan, ó fi í sí ọwọ́ Thomas Jefferson. Ó pàṣẹ nínú rẹ̀ pé kí a fi owó tí ó ní ní Amẹ́ríkà ra ẹrú ní ìdáǹdè, kí a sì fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Àwọn tí ó ń sọ nípa wọn ni àwọn ènìyàn dúdú, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí àti irú-ọmọ wọn. Ó kú ní Switzerland ní ọdún 1817. Jefferson kò mú ìwé náà ṣẹ, ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ nílé ẹjọ́ títí di ọdún 1852, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fi owó náà fún àwọn ìbátan rẹ̀ ní Yúróòpù. Kò sí ẹrú kan tí owó náà dá sílẹ̀. A rántí orúkọ rẹ̀ lórí òkè àti lórí ìlú, pẹ̀lú àṣìkọ. Ìfẹ́ inú rẹ̀ tí ó kàn wá jùlọ li a kò mú ṣẹ.

Ẹkẹfà ni ìdákẹ́jẹ́, níbi tí a kò tilẹ̀ yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n tí a kò dá a rárá. Ṣáájú ogun ńlá kejì, àwọn ọmọ-ogun Jámánì ní ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Enigma, tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di àrokò tí ẹlòmíràn kò lè túmọ̀. Ní oṣù December ọdún 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò kan ní Pólándì, Marian Rejewski, fi ìṣirò mọ bí inú ẹ̀rọ náà ti rí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Jerzy Różycki àti Henryk Zygalski, sì ń ka àrokò náà. Ní oṣù July ọdún 1939, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Pólándì pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sí Pyry, lẹ́bàá Warsaw, wọ́n sì fi gbogbo àṣírí náà hàn wọ́n. Lórí ìpìlẹ̀ yìí li àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe ní Bletchley Park, èyí tí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là. Nígbà tí ìtàn náà di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1974, àwọn Gẹ̀ẹ́sì li ayé yìn. Różycki ti kú sínú òkun ní ọdún 1942. Rejewski ti padà sí ilé, ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó, ó sì ti pa ẹnu mọ́ fún ọdún tí ó ju ogún lọ.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Ìyípadà orúkọ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Níbi tí olúwa rẹ̀ bá ti yàn án fún ara rẹ̀, bí ti Kopernik àti Conrad, ẹ jẹ́ kí a pè é bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ibi tí ó ti wá pamọ́. Níbi tí àìmọ̀ tàbí àìbìkítà bá ti gé e, bí ti Kościuszko àti Skłodowska, ẹ jẹ́ kí a dá a padà. Kò ná wa ju lẹ́tà díẹ̀ lọ. Níbi tí ìdákẹ́jẹ́ bá sì ti bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó mọ̀ sọ. Ẹ kíyèsi i pé kì í ṣe ọ̀tá li ó ṣe púpọ̀ nínú ohun tí a kà yìí. Àwọn ọ̀tá pa ìjọba rẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ z nù ni àwọn tí ó fẹ́ bọlá fún Kościuszko, ẹni tí ó gbẹ́ Teador ni ẹni tí a pè láti ṣe Conrad ní ẹ̀yẹ, àwọn tí ó gbàgbé Rejewski sì ni àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà là. Ìfẹ́ tí kò fi ara balẹ̀ bèèrè orúkọ kò tíì pé.

Olúwa wa kọ́ wa pé olùṣọ́-àgùntàn rere a máa pe àwọn tirẹ̀ ní orúkọ. Kò pè wọ́n ní agbo lásán. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ń ka ìwé fún ọmọ yín, nígbà tí ẹ bá dé orí ọ̀rọ̀ radium, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ Pólándì ni Maria Skłodowska. Bí ahọ́n yín bá kọsẹ̀ lórí orúkọ náà, ẹ tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.